Àga Kékeré

Ní alẹ́ tí kánsù wá sọ fún wa pé àwọn yóò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa,
kò sí àga àgbà nínú gbọ̀ngàn.
Èmi ni mo to èyí tó wà,
àga pupa ti àwọn ọmọ ọdún márùn-ún,
mo sì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi
mò ń wo àwọn kánsílọ̀ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí wọn yóò kó ẹsẹ̀ sí.
Orúnkún kan àgbọ̀n. Táì ń gbálẹ̀.
Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,
tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.
Wọn ò sọ ti ìdí.

Arábìnrin kan na àwòrán ìlú sára ògiri.
Ilà búlúù kan gba ẹ̀gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ kọjá,
ó yà wá kúrò lára àwọn tí a jọ ń dá ilẹ̀ nù sójú kan.
Ó ní ilé tó yẹ kó gba igba ọmọ ó lé mẹ́wàá,
mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló kù nínú rẹ̀.
Ó ní ìdí kan nìyẹn. Ìdí mìíràn: òrùlé ń jò.
Ìdí mìíràn: àwọn ènìyàn kò bímọ mọ́.
Ìyá Ruqayyah, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ,
wo ikùn ara rẹ̀, ó wo obìnrin náà,
ó tún wo ikùn.

Tíṣà ni mí ní Ìkìrun.
Ọmọ tí kò bá gbé bẹ́ńṣì tirẹ̀ láti ilé wá,
orí ṣáká símẹ́ńtì ni yóò ti kọ́ ìṣirò.
Níbẹ̀ mo ní ọmọ, mi ò ní àga.
Mo wọ bàálù, mo la òkun kọjá,
mo bọ́ sí Burslem níbi tí àga ti pọ̀ ju ọmọ lọ,
wọ́n sì ní ìṣòro nìyẹn pẹ̀lú.

Ìlú amọ̀kòkò ni Stoke.
Àwọn iléru bíríkì rẹ̀, tó rí bí ìgò òmìrán,
ti tutù kí n tó gbọ́ orúkọ ìlú náà rí.
Místà Colclough tó ń tọ́jú bọ́ílà wa
(wọ́n ń kọ ọ́ gígùn bí ojú irin, wọ́n ń pè é ní Kókílì)
ní òdòdó ni ìyá òun ń kùn sára àwo ní ogójì ọdún,
àti pé títí ó fi kú, ilé ẹni tó wù kó ti jẹun,
yóò dojú àwo dé, yóò wo ìdí rẹ̀
kó lè mọ ilé iṣẹ́ tó mọ ọ́n.

Èmi náà dojú ọ̀rọ̀ kánsù dé.
Mo wo ìdí rẹ̀ yíká.
Kò sí orúkọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Oṣù keje, a yọ orúkọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ aṣọ.
Ti Maisie ṣí wẹ́rẹ́. Ti Tanítolúwa ọmọ mi, èmi ni mo yọ ọ́.
Ti Kacper kọ̀, ó ya sí méjì, a fi í sílẹ̀.
Nínú àpótí ohun tó sọnù, ìbọ̀wọ́ mẹ́tàdínlógún,
kò sí èyí tó ní èkejì.
Nígbà tí a ń to àga lé ara wọn,
Místà Colclough yí ọ̀kan sókè, ó dákẹ́:
ṣingọ́ọ̀mù gbígbẹ, àti lẹ́tà mẹ́ta wọ́gọwọ̀gọ
tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi ìṣó họ síbẹ̀
kó tó dàgbà, kó tó bá ọkọ lọ sí Kánádà.
Kò sọ nǹkan kan. Ó lọ wo bọ́ílà tí a ti pa láti oṣù kẹrin.

Ọkùnrin tó wa lọ́rì wá bi mí pé mélòó ni àwọn àga náà.
Mo ní àádọ́fà.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Mọ́kànléláàádọ́fà ni wọ́n.